Orí ojú-ewé ń jáde, àárín rẹ̀ ṣófo: kí ni ó yẹ kí n yẹ̀ wò?

Òǹkàwé Òwúrọ̀

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ó di ọjọ́ mẹ́rin lónìí tí ojú-ewé kan tí mo ti fi ń kọ́ èdè láti bí ọdún kan kò fi ohun inú rẹ̀ hàn mí mọ́ lórí kọ̀ǹpútà àgbélétan mi. Àkọlé òkè ń jáde, orúkọ tí mo fi wọlé ń jáde, àtòjọ àwọn ẹ̀kọ́ tó wà lápá òsì sì pé pérépéré, ṣùgbọ́n àárín, níbi tí ẹ̀kọ́ gan-an yẹ kó wà, funfun báláú, òbìrìkítí kékeré kan sì ń yí níbẹ̀ láìdúró. Kò sí ọ̀rọ̀ àṣìṣe kankan tí mo lè kà sí yín létí.

Mo ti tún un ṣí títí ó fi sú mi. Lálẹ́ àná, inú bí mi, mo lọ sínú ètò Chrome, mo sì nu gbogbo ohun tó ti tọ́jú láti ìgbà tí mo ti ń lò ó. Èrè tí mo jẹ níbẹ̀ ni pé gbogbo ìkànnì tí mo ti wọlé sí ló lé mi jáde, tí mo sì ń wá páswọ́ọ̀dù kiri di òru, nígbà tí ojú-ewé tí mo torí rẹ̀ ṣe é ṣì funfun bó ṣe wà. Ẹ jọ̀wọ́, kí ló kù tí mo lè yẹ̀ wò?

Atúnṣe Jẹ́jẹ́

Ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ kú ìfaradà. Ẹ má nu nǹkan kan mọ́ ná. Ẹni tó bá yí nǹkan mẹ́ta padà lẹ́ẹ̀kan náà, bí ojú-ewé bá ṣí, kò ní mọ èyí tó ṣí i. Bí kò bá sì ṣí, á ti da ohun tí kò bàjẹ́ rú mọ́ èyí tó bàjẹ́.

Ohun tí ẹ ṣàpèjúwe ti sọ púpọ̀ fún wa, bí ó tilẹ̀ jọ pé kò sọ nǹkan kan. Ojú-ewé kì í ṣe ẹyọ ohun kan tí sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà tí ìkànnì ń gbé, ń jù sí wa lódidi. HTML ni bráúsà, ìyẹn ètò bíi Chrome tí a fi ń ṣí ojú-ewé, kọ́kọ́ ń gbà, èyí tí mo máa ń pè ní egungun rẹ̀. Inú egungun yìí ni yóò ti ka orúkọ àwọn fáìlì tó kù, ìyẹn CSS tó ń ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́, àwòrán, irú lẹ́tà àti JavaScript tó ń mú un ṣiṣẹ́, tí yóò sì máa lọ béèrè wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, nígbà mìíràn lọ́wọ́ oríṣiríṣi sáfà tí kò sí níbì kan náà. Lórí ọ̀pọ̀ ìkànnì òde òní, ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ kà gan-an kò sí nínú HTML yẹn rárá. JavaScript ni yóò lọ gbé e wá lẹ́yìn tí egungun bá ti nàró, òbìrìkítí tó ń yí yẹn sì ni wọ́n fi ń sọ fún wa pé a ṣì ń retí. Ní tiyín, egungun ti dé, ọ̀ṣọ́ ti dé, àtòjọ ẹ̀kọ́ pàápàá ti dé. Ẹni tí a rán lọ gbé ẹ̀kọ́ wá ni kò padà dé. Ohun tí a ń wá báyìí ni ibi tí ó há sí lójú ọ̀nà.

Ẹ bá mi ṣe ìdánwò mẹ́rin, kí ẹ má sì yí ètò kankan padà láàárín wọn. Ẹ ṣí ojú-ewé mìíràn lórí ìkànnì kan náà, kí a mọ̀ bóyá ẹ̀kọ́ yìí nìkan ni tàbí gbogbo wọn. Ẹ fi bráúsà mìíràn ṣí i lórí kọ̀ǹpútà yẹn kan náà. Ẹ fi fóònù yín ṣí i, nígbà kìíní lórí Wi-Fi tí kọ̀ǹpútà ń lò, nígbà kejì lórí dátà fóònù fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí fèrèsé ìkọ̀kọ̀ nínú Chrome, kí ẹ tẹ Ctrl, Shift àti N pọ̀, kí ẹ wọlé síbẹ̀, kí ẹ wo ẹ̀kọ́ náà. Ẹ kọ ìdáhùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wá síbí bó ti wù kó rí, kódà bí ó bá jọ pé ọ̀kan nínú wọn kò wúlò.

Sáré Ṣe

Kí ni gbogbo àlàyé yìí ń wá? Ẹ yí DNS yín padà sí 1.1.1.1 tàbí 8.8.8.8, ọ̀rọ̀ ti parí. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe tèmi, ó sì ṣí lójú ẹsẹ̀.

Atúnṣe Jẹ́jẹ́

Àbúrò, ó ṣeé ṣe kí tìrẹ jẹ́ ọ̀rọ̀ DNS lóòótọ́, n kò sì bá ọ jiyàn lórí rẹ̀. Iṣẹ́ DNS ni láti sọ orúkọ ìkànnì di nọ́ńbà tí kọ̀ǹpútà lè fi wá sáfà rí. Bí ó bá kùnà lórí orúkọ ìkànnì náà gan-an, ojú-ewé kò ní jáde rárá, a kò ní rí àkọlé, a kò ní rí àtòjọ, bráúsà yóò sì sọ ọ́ fún wa ní gbangba: nínú Chrome, irú ọ̀rọ̀ bíi DNS_PROBE_FINISHED_NXDOMAIN ni a máa ń rí. Ọ̀nà kan ṣoṣo tí ọ̀rọ̀ rẹ fi lè kan ti olùbéèrè wa ni kí ẹ̀kọ́ náà máa wá láti sáfà tí orúkọ rẹ̀ yàtọ̀ sí ti ìkànnì, kí ó sì jẹ́ orúkọ kejì yẹn ni DNS kò rí. Bí fóònù àti kọ̀ǹpútà bá jọ kùnà lórí Wi-Fi kan náà, tí fóònù sì rí i lórí dátà tirẹ̀, a ó padà sórí ìmọ̀ràn rẹ. Ẹni tó bá wà lórí Windows lè kọ́kọ́ kọ ipconfig /flushdns sínú fèrèsé àṣẹ kí ó tó yí ohunkóhun padà. Ìyẹn á mú kí kọ̀ǹpútà gbàgbé àwọn nọ́ńbà àtijọ́ tó ti há sórí, kí ó sì béèrè wọn lọ́tun.

Ìyá Tísà

Ẹ kú àárọ̀ gbogbo ilé. Mo gbà pẹ̀lú Atúnṣe pé kí a má ṣe nu gbogbo nǹkan nù bí ẹni tó ń kó ilé, ṣùgbọ́n n kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni kúrò níbí pẹ̀lú èrò pé ohun tí bráúsà tọ́jú kì í dá wàhálà sílẹ̀. Ó ń dá a sílẹ̀ dáadáa. Bráúsà máa ń pa àwọn fáìlì mọ́ sínú cache kí ó má baà máa gbà wọ́n lọ́tun nígbà gbogbo. Bí àwọn tó ni ìkànnì bá tún ojú-ewé ṣe, HTML tuntun lè bá JavaScript àtijọ́ pàdé lórí ẹ̀rọ rẹ, àwọn méjèèjì kò sì ní gbọ́ èdè ara wọn. Bí ojú-ewé ṣe ń wó nìyẹn, tí bọ́tìnì kò dáhùn, tí àwòrán ń gorí ọ̀rọ̀.

Títún un ṣí ní ìfipá ni oògùn tó kéré jù fún èyí. Tẹ Ctrl, Shift àti R pọ̀ lórí Chrome tàbí Firefox. Lórí kọ̀ǹpútà Mac, Cmd ni kí o fi rọ́pò Ctrl. Ìyẹn ń sọ fún bráúsà pé kí ó fojú fo ohun tó tọ́jú, kí ó sì lọ gba gbogbo fáìlì ojú-ewé náà lọ́tun, láìfọwọ́ kan ìkànnì mìíràn kankan. Bí kò bá tó, tẹ àmì kékeré tó wà lápá òsì àdírẹ́ẹ̀sì lókè, wọ inú ètò ìkànnì náà, kí o sì pa dátà tirẹ̀ nìkan rẹ́. Ibẹ̀ nìkan ni yóò ti ní kí o tún wọlé. Ọmọ mi, bí o bá ti ṣe èyí lálẹ́ àná, o kò bá tètè sùn.

Ohun kan wà tí àwọn ènìyàn kì í mọ̀ pé ó wà. Àwọn ìkànnì kan máa ń fi òṣìṣẹ́ kékeré kan sílẹ̀ sínú bráúsà, service worker ni wọ́n ń pè é, kí ojú-ewé lè máa ṣí kódà nígbà tí kò sí nẹ́tíwọ̀kì. Bí òṣìṣẹ́ yìí bá ṣìṣe, ó lè máa gbé ojú-ewé àná fún ọ títí lọ, tí títún un ṣí lọ́nà lásán kò sì ní ràn án. Pípa dátà ìkànnì náà rẹ́ ń lé e jáde.

Òǹkàwé Òwúrọ̀

Ẹ ṣé, ẹ ṣé gan-an, Mà. Èsì ìdánwò náà rèé. Gbogbo ẹ̀kọ́ ló ṣófo lórí Chrome mi, kì í ṣe ọ̀kan. Ojú-ewé ìbéèrè àti ìdáhùn lórí ìkànnì kan náà sì ń ṣí dáadáa. Mo fi Firefox tí n kò lò rí wò ó, ẹ̀kọ́ jáde kíá. Fóònù mi rí i lórí Wi-Fi, ó rí i lórí dátà pẹ̀lú. Nínú fèrèsé ìkọ̀kọ̀, ó jáde! Mo tẹ Ctrl, Shift àti R nínú fèrèsé tí mo máa ń lò, síbẹ̀ òbìrìkítí ń yí.

Atúnṣe Jẹ́jẹ́

Ìròyìn yìí dára ju bí ẹ ṣe rò lọ. Nítorí pé fóònù àti Firefox rí i lórí Wi-Fi yẹn, Wi-Fi mọ́, DNS mọ́, sáfà ń ṣiṣẹ́. Nítorí pé Chrome fúnra rẹ̀ rí i nínú fèrèsé ìkọ̀kọ̀, Chrome kò gbó jù, kò sì bàjẹ́. Ohun tó kù kò tó nǹkan: ohun tó wà nínú fèrèsé yín ojoojúmọ́ tí kò sí nínú fèrèsé ìkọ̀kọ̀. Kúkì, ìyẹn àmì kéékèèké tí ìkànnì fi ń rántí ẹni, àti cache wà lára rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ ti fọ ìyẹn mọ́ lálẹ́ àná, ó sì kéré tán a rí èrè kan gbà nínú òru àìsùn náà. Àwọn àfikún bráúsà, ìyẹn ètò kéékèèké tí a máa ń fi kún un, ni mo ń fura sí. Chrome kì í jẹ́ kí àfikún ṣiṣẹ́ nínú fèrèsé ìkọ̀kọ̀ àyàfi bí a bá fọwọ́ ara wa gbà á láàyè, Firefox tí ẹ kò lò rí kò sì ní àfikún kankan.

Ẹ kọ chrome://extensions sí ibi àdírẹ́ẹ̀sì, kí ẹ sì sọ iye tí ẹ ní fún wa. Bí wọ́n bá pọ̀, ẹ má pa wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ pa ìdajì, kí ẹ tún ojú-ewé ṣí. Bí ẹ̀kọ́ bá jáde, ọ̀daràn wà nínú ìdajì tí ẹ pa. Bí kò bá jáde, ó wà nínú ìdajì tó ń ṣiṣẹ́. Ẹ tún pín ìdajì yẹn sí méjì. Ọ̀nà yìí ń yára kọjá bí ènìyàn ṣe rò, nítorí pé àfikún 16 pàápàá, ìdánwò mẹ́rin ni yóò gbà. Pípa ni mo wí, ẹ má yọ ọ́ kúrò, kí ẹ má baà pàdánù ohun tí ẹ ti tò sínú rẹ̀. Àwọn tó ń lo Firefox ní ọ̀nà tó rọrùn ju èyí lọ: àyè ìtọ́pinpin ìṣòro wà nínú àtòjọ ìrànlọ́wọ́ rẹ̀, tí yóò tún bráúsà ṣí láìsí àfikún kankan.

Fóònù Àgbà

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ forí jì mí pé mo já lu ọ̀rọ̀. Tèmi kò ṣófo láàárín, kò tilẹ̀ jẹ́ kí n wọlé rárá. Fóònù Android àtijọ́ kan wà lọ́wọ́ mi tí bátìrì rẹ̀ kú pátápátá fún bí oṣù mẹ́ta. Mo gba agbára sí i, mo tàn án, Wi-Fi sì wọlé, ṣùgbọ́n gbogbo ìkànnì tí mo bá ṣí ló ń sọ pé ìsopọ̀ mi kò ní ààbò. Ẹnì kan ní kí n máa tẹ ibi tí wọ́n kọ pé kí n tẹ̀síwájú bẹ́ẹ̀. Ṣé kò léwu?

Abẹ́ Bọ́nẹ́ẹ̀tì

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má tẹ̀síwájú. Ẹ wo aago àti déètì fóònù yín ná. Gbogbo ìkànnì tó ń lo https ní ìwé ẹ̀rí kan tó ń fi hàn pé òun ni ẹni tí òun pe ara rẹ̀, ọjọ́ tí ìwé náà bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tí yóò kú sì wà nínú rẹ̀. Déètì inú ẹ̀rọ yín ni bráúsà fi ń wọn ọjọ́ méjèèjì. Bí fóònù bá rò pé a ṣì wà lọ́dún pípẹ́ sẹ́yìn, gbogbo ìwé ẹ̀rí ayé yóò dà bí èyí tí ọjọ́ rẹ̀ kò tíì pé, Chrome yóò sì máa kọ NET::ERR_CERT_DATE_INVALID tàbí kí ó sọ fún yín tààrà pé aago yín ti sẹ́yìn. Bí gbogbo ìkànnì bá ń ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, aago ni kí a kọ́kọ́ fura sí. Bí ó bá jẹ́ ìkànnì kan ṣoṣo, àwọn tó ni ín ló lè gbàgbé láti tún ìwé ẹ̀rí wọn gbà.

Bí aago bá tọ́ tí kò sì yí padà, ọjọ́ orí fóònù ni. Ìwé ẹ̀rí àwọn ìkànnì dúró lórí àwọn ìwé ẹ̀rí gbòǹgbò tó wà nínú ẹ̀rọ láti ilé iṣẹ́, àwọn gbòǹgbò náà sì ń kú. Ní 30 Oṣù Kẹsàn-án 2021, ọ̀kan nínú wọn tó ń jẹ́ DST Root CA X3 kú, òun sì ni ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ àtijọ́ fi ń gba ìwé ẹ̀rí Let's Encrypt, àjọ tó ń fún àwọn ìkànnì ní ìwé ẹ̀rí lọ́fẹ̀ẹ́, gbọ́; àwọn kọ̀ǹpútà àti ẹ̀rọ tí a kò ti mú dójú ìwọ̀n fún ìgbà pípẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ àwọn ìkànnì tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Lórí Android àtijọ́, ẹ gbìyànjú Firefox, nítorí pé àtòjọ gbòǹgbò tirẹ̀ ni ó ń gbé kiri, kò gbára lé ti fóònù.

Abẹ́ Bọ́nẹ́ẹ̀tì

Kí n padà sórí ọ̀rọ̀ olùbéèrè. Kíkọ́ ojú-ewé ni iṣẹ́ òòjọ́ mi, ó sì ń dùn mí bí àwọn ènìyàn ṣe ń méfò nígbà tí bráúsà ti kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sílẹ̀, lẹ́tà sí lẹ́tà, síbi tí wọn kò wò. Ẹ tẹ F12. Fèrèsé kan yóò ṣí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú-ewé. Ẹ yan táàbù Network, kí ẹ sì tún ojú-ewé ṣí nígbà tí ó ṣì wà ní ṣíṣí, nítorí pé kì í ka ohun tó ti kọjá kí ẹ tó ṣí i. Ẹ ó máa rí fáìlì kọ̀ọ̀kan bó ṣe ń wọlé ní ìlà tirẹ̀. Ẹ wá ìlà pupa, kí ẹ ka ohun tó wà lábẹ́ Status.

Bí nọ́ńbà bá wà níbẹ̀, sáfà dáhùn. 200 ni pé ó fún wa, 304 ni pé ohun tí a tọ́jú ṣì dára, kò sí ìjà nínú èyí. 404 ni pé kò sí fáìlì tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ níbẹ̀, 403 ni pé ó wà ṣùgbọ́n wọn kò fẹ́ fún wa, 429 ni pé a ti béèrè jù láàárín àkókò kúkúrú. Gbogbo ohun tó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 5, bíi 500, 502 tàbí 503, ọ̀dọ̀ tiwọn ni ìṣòro wà. Kò sí ohun tí ẹ lè ṣe lórí ẹ̀rọ yín tó lè tún un ṣe, kí ẹ sinmi kí ẹ padà wá. Ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré: ní 8 Oṣù Kẹfà 2021, Fastly, ilé iṣẹ́ tó ń bá ọ̀pọ̀ ìkànnì pín fáìlì wọn káàkiri ayé, ní ìdíwọ́ fún bíi wákàtí kan, àwọn ìkànnì ńláńlá sì ń fi 503 hàn. Mo mọ ẹni tó tú router rẹ̀, ẹ̀rọ tó ń pín Wi-Fi, palẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Bí kò bá sí nọ́ńbà rárá, sáfà kò tilẹ̀ gbọ́ nípa wa. Ọ̀rọ̀ tó rọ́pò nọ́ńbà ni kí ẹ kà. Chrome lè kọ blocked:mixed-content, èyí tó ń sọ pé ojú-ewé https ń gbìyànjú láti gbé fáìlì láti àdírẹ́ẹ̀sì http tí kò ní ààbò, tí bráúsà sì kọ̀. Ó lè kọ blocked:other, tí táàbù Console yóò sì ṣàlàyé rẹ̀ pé net::ERR_BLOCKED_BY_CLIENT. Bí ẹ bá rí èyí, ẹ rántí pé ẹ̀yin ni client. Ohun kan tó wà nínú bráúsà tiyín ló dí ọ̀nà.

Ìkìlọ̀ kan kí n tó dákẹ́: kíkà ni kí ẹ máa ka Console. Ẹnikẹ́ni tó bá ní kí ẹ kọ àṣẹ tí ẹ kò yé síbẹ̀, tàbí ojú-ewé tó bá sọ pé òun kò lè ṣí àfi bí ẹ bá da ọ̀rọ̀ kan kọ kí ẹ sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ fèrèsé àṣẹ Windows, olè ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni ojú-ewé tó bá dédé sọ pé bráúsà yín ti gbó, tó sì nawọ́ fáìlì sí yín. Inú ètò bráúsà fúnra rẹ̀ ni a ti ń mú un dójú ìwọ̀n.

Òǹkàwé Òwúrọ̀

Mo ti mú un! Àfikún 11 ni mo ní, ìtìjú sì mú mi nígbà tí mo kà wọ́n, nítorí pé mẹ́rin nínú wọn, n kò rántí ọjọ́ tí mo fi wọ́n sí i. Mo pa mẹ́fà, ẹ̀kọ́ jáde. Mo tan mẹ́ta padà nínú mẹ́fà náà, ó ṣófo. Mo pa ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta yẹn, ó jáde. Èyí tó ń dènà ìpolówó ni.

Mo wá tàn án padà mọ̀ọ́mọ̀, mo tẹ F12 bí ẹ ṣe wí, kí n lè fi ojú ara mi rí i. Ìlà bí ogójì ló jáde, gbogbo wọn dúdú, àfi ọ̀kan tó pupa gẹ́gẹ́ bí ẹ̀jẹ̀ ní ìsàlẹ̀. Orúkọ fáìlì náà ni lesson-14.json, tí mo sì gbé ọwọ́ lé e, mo rí i pé inú àpótí kan tó ń jẹ́ banners ni wọ́n kó o sí. Ní Console, ERR_BLOCKED_BY_CLIENT. Mo ṣí ẹ̀kọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, lesson-15.json náà pupa. Ohun tí kò yé mi ni pé àfikún yìí ti wà níbẹ̀ láti ọdún méjì. Èé ṣe tó fi jẹ́ ọ̀sẹ̀ yìí ló bẹ̀rẹ̀? Ṣé kí n yọ ọ́ kúrò pátápátá?

Abẹ́ Bọ́nẹ́ẹ̀tì

Ẹ kú iṣẹ́ takuntakun. Àfikún náà kì í ka ohun tó wà nínú fáìlì kó tó dí i. Àtòjọ òfin ló ń tẹ̀ lé, àdírẹ́ẹ̀sì ni òfin náà sì ń wò: bí ọ̀rọ̀ kan tó jọ ti ìpolówó bá wà nínú rẹ̀, bíi ads tàbí banners, ó lè dí i. Àtòjọ yìí ń sọ ara rẹ̀ di tuntun láìbéèrè lọ́wọ́ yín. Nítorí náà, ó lè jẹ́ pé òfin tuntun kan wọlé ní ọ̀sẹ̀ yìí, ó sì lè jẹ́ pé àwọn tó ni ìkànnì ló kó ẹ̀kọ́ wọn lọ sínú àpótí tí orúkọ rẹ̀ kò dára. Mo fura sí èkejì, nítorí pé èmi náà ti ṣe irú rẹ̀ rí: mo pe fáìlì kan ní advert-form, mo sì fi odindi ọ̀sẹ̀ kan ṣe kàyéfì pé fọ́ọ̀mù mi kò hàn sí ìdajì àwọn ènìyàn.

Ẹ má yọ àfikún yín. Ẹ tẹ àmì rẹ̀ nígbà tí ẹ wà lórí ìkànnì náà, kí ẹ pa á fún ìkànnì yẹn nìkan, kí ó máa ṣiṣẹ́ níbi tó kù. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ̀wé sí àwọn tó ni ìkànnì. Ìwé tó kàn sọ pé ojú-ewé yín kò ṣí kì í ràn wá lọ́wọ́, nítorí pé tiwa ń ṣí. Ẹ kọ àdírẹ́ẹ̀sì ojú-ewé náà lódidi, bráúsà tí ẹ lò àti nọ́ńbà ẹ̀dà rẹ̀, àkókò tí ẹ gbìyànjú, orúkọ fáìlì tó pupa, àti ọ̀rọ̀ tó wà ní Console bó ṣe wà gan-an, kí ẹ sì sọ pé ó ń ṣí nígbà tí ẹ bá pa àfikún. Bí ẹ bá ya àwòrán fèrèsé náà, ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá ìsọfúnni ìkọ̀kọ̀ yín kan hàn nínú rẹ̀.

Arìn-kiri

Kí ẹni tó bá ka ìjíròrò yìí lẹ́yìn wa má lọ rò pé àfikún ni ní gbogbo ìgbà. Èmi tí mo máa ń fi kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ níbi tí Wi-Fi jẹ́ ti gbogbo ènìyàn, ohun tí mo máa ń bá pàdé ni pé Wi-Fi wọlé, ṣùgbọ́n ojú-ewé kankan kò ṣí, nítorí pé ibì kan wà tí a ti gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí àdéhùn wọn kó tó ṣiṣẹ́, ojú-ewé àdéhùn náà kò sì jáde fúnra rẹ̀. Mo máa ń kọ http://example.com sí ibi àdírẹ́ẹ̀sì, pẹ̀lú http tí kò ní s, ìyẹn sì sábà máa ń fà á jáde. Bí mo bá wà lórí VPN, ìyẹn ètò tó ń mú ìsopọ̀ ẹni gba ọ̀dọ̀ sáfà mìíràn kọjá, mo máa ń pa á ná, torí pé àwọn ìkànnì kan ń dá àdírẹ́ẹ̀sì VPN padà pẹ̀lú 403.

Ẹ tún wo bóyá kì í ṣe pé ẹ ti dí JavaScript tàbí àwòrán fún ìkànnì kan ṣoṣo nígbà kan tí ẹ ti gbàgbé. Inú ètò ìkànnì tí Ìyá Tísà sọ ló wà. Bí ohun tó ṣófo bá sì jẹ́ eré tàbí ìdánwò àtijọ́ tí wọ́n fi Flash ṣe, ẹ má dara yín láàmú: Adobe dáwọ́ ìtìlẹ́yìn rẹ̀ dúró ní 31 Oṣù Kejìlá 2020, láti 12 Oṣù Kìíní 2021 sì ni Flash Player fúnra rẹ̀ ti ń kọ̀ láti ṣí i.

Sáré Ṣe

Mo gbà. Mo kàn padà lọ wo tèmi pẹ̀lú F12, mo sì dá DNS padà sí ti tẹ́lẹ̀ láti dán an wò. Ó ṣì ń ṣí. Ó jọ pé títan router pa àti títàn án padà tí mo ṣe nígbà tí mo ń yí DNS ló tún un ṣe.

Fóònù Àgbà

Abẹ́ Bọ́nẹ́ẹ̀tì, ẹ ṣeun púpọ̀. Fóònù mi rò pé 1 Oṣù Kìíní 1970 ni a wà. Mo yí i padà sí ọjọ́ òní, mo sì sọ fún un pé kí ó máa gba aago láti orí nẹ́tíwọ̀kì fúnra rẹ̀, gbogbo ìkànnì sì ṣí, àfi ọ̀kan tó ní bráúsà yìí ti gbó jù fún òun. Firefox ń wọlé sórí rẹ̀ lọ́wọ́ bí mo ṣe ń kọ èyí.

Òǹkàwé Òwúrọ̀

Ọjọ́ méjì lẹ́yìn náà rèé. Àwọn tó ni ìkànnì dáhùn ìwé mi. Lóòótọ́ ni, wọ́n tún àwọn àpótí wọn tò ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ẹni tó ṣe é sì kó ẹ̀kọ́ mọ́ àwọn àwòrán orí ojú-ewé nínú banners. Wọ́n ní àwọn ti kó o lọ sínú àpótí mìíràn láàárọ̀ yìí. Mo jẹ́ kí àfikún máa ṣiṣẹ́ padà lórí ìkànnì náà, mo ṣí ẹ̀kọ́ kẹrìnlá, òbìrìkítí tún bẹ̀rẹ̀ sí í yí! Àyà mi já. Mo tẹ F12, mo sì rí i pé ọ̀nà àpótí àtijọ́ ni ojú-ewé mi ṣì ń wá, nítorí pé JavaScript àná ló wà lọ́wọ́ Chrome. Mo tẹ Ctrl, Shift àti R, ẹ̀kọ́ jáde. Ìyá Tísà, ẹ gba ẹ̀tọ́ yín.